Kí Ẹ Tó Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú, Ẹ Kọ́kọ́ Dé Jọ́bẹ̀lẹ̀

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tí ó kọjá Mọ́níyà, Akínyẹlé àti Ìròkò, Fìdítì ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ sí ilẹ̀ Afìjió. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ Fìdítì. Ọsàn wà lápá ọ̀tún, ọsàn wà lápá òsì, nínú agbọ̀n, nínú àpò, lórí tábìlì, àti lórí àwọn ọmọdé tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Bí àsìkò bá yí, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀yìnbó, agbálùmọ̀ àti kajú a gba ipò ọsàn. Àwọn tí ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin a ra èyí tí wọ́n fẹ́, wọn a sì máa bá tiwọn lọ. Jọ́bẹ̀lẹ̀ wà níwájú, kí ènìyàn tó dé Ìlọrà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀ ni yóò tètè pariwo pé "Ó wà o!"

Jọ́bẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá. Síbẹ̀, òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afìjió, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989. Orúkọ Afìjió fúnra rẹ̀, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n kó pọ̀: Awẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn, Fìdítì, Ìlọrà, Ìmínì, Ìwàrè, Ìlú-Ajé, Jọ́bẹ̀lẹ̀, títí dé Olúwatẹ̀dó. Nígbà ìkànìyàn 2006, ènìyàn 134,173 ni wọ́n kà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gbé ní ìlú òkèèrè, ìbáà jẹ́ London, ìbáà jẹ́ Toronto, Jọ́bẹ̀lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé kí ó tó dé pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni ìwé tí ń jẹ́rìí pé ọmọ ìbílẹ̀ ni ènìyàn ti ń jáde. Àjọ tí ń ka iye ènìyàn, tí ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ìbí, sì ní òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rí fọ́ọ̀mù físà.

Ohun tí ó gbé wa dé ibẹ̀ kì í ṣe ọsàn. Ẹ̀yin ará wa mọ̀ pé kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í rí páàsípọ́ọ̀tù nínú ìjọ wa báyìí. Àwọn kan gbé e sínú Bíbélì, àwọn kan gbé e lé orí pẹpẹ, àwọn mìíràn fi í lé pásítọ̀ lọ́wọ́ fún àdúrà. A kò lòdì sí àdúrà. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé láàárín àwọn tí wọ́n kọ físà fún nínú àwọn ará wa, a kò rí ẹni tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré tí orúkọ rẹ̀ sì bára mu lórí gbogbo ìwé náà. Orúkọ ti eléyìí rí báyìí lórí ìwé ìbí, ó rí bẹ́ẹ̀ yẹn lórí ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ ìbí ti ẹlòmíràn jẹ́ méjì. Ẹlòmíràn ṣe ìyàwó tí ìjọba kò mọ̀ sí. Nítorí náà ni a ṣe bá arábìnrin kan lọ sí Jọ́bẹ̀lẹ̀, kí a lè fi ojú ara wa rí bí ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a sì wá sọ fún yín.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ayé lásán ni èyí. Ẹ ka orí kejì ìwé Ẹ́sírà. Nígbà tí àwọn Júù ń padà bọ̀ láti Bábílónì, àwọn ọmọ àlùfáà kan wà láàárín wọn tí wọ́n wá orúkọ wọn nínú ìwé ìdílé títí tí wọn kò rí i. Kò sí ẹni tí ó sọ pé wọn kì í ṣe ènìyàn rere. Ìwé ni wọn kò rí, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà.

Arábìnrin tí a ń sọ yìí, ọmọ Ìlọrà ni. Ọkọ rẹ̀ wà ní Leeds, ó sì ti gba ìwé tí ó fún un láyè láti máa gbé ibẹ̀ títí. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún méje, èyí àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Èyí àbúrò mọ bàbá rẹ̀ nínú fóònù ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lójúkojú lọ. Ọdún kẹta rèé tí ìyá wọn ti ń palẹ̀ ìwé mọ́. Ohun tí ó dá a dúró kò ju ìwé mẹ́ta lọ: ti ìbí rẹ̀, ti orúkọ rẹ̀, àti ti ìgbéyàwó rẹ̀.

Ti ìbí ni ó mú un wá sí Jọ́bẹ̀lẹ̀. Ilé àgbẹ̀bí ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ẹni tí ó kọ ohunkóhun sílẹ̀ bí kò ṣe bàbá rẹ̀ olóògbé, tí ó kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà náà ti bá òjò lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ló wà ní irú ipò yìí. Ní 1992 ni òfin kọkàndínláàádọ́rin ọdún náà jáde, tí ó sọ ọ́ di dandan kí a máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí a bá bí àti gbogbo ẹni tí ó bá kú sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Kí ó tó di ìgbà náà, ìlú ńlá àti ilé ìwòsàn ńlá ni ìwé ìbí pọ̀ sí. Ẹni tí kò ní, ó lọ búra ọjọ́ orí ní kọ́ọ̀tù, ó parí. Lónìí, ìwé ìbúra nìkan kò tó mọ́. Àjọ onímọ̀ iye ènìyàn ni yóò kọ ìwé ìjẹ́rìí ìbí fún àgbàlagbà tí kò ní ìwé ìbí, wọn yóò sì béèrè àwọn ohun tí a ó fi gbè é lẹ́sẹ̀: ìwé ìbúra, nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídìpọ̀ mọ́kànlá tí a ń pè ní NIN, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni yóò wá búra fún un? Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó kù, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n wọ agbádá òfì wá, bí ẹni tí ń lọ sí ìgbéyàwó. Nígbà tí akọ̀wé bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ náà, wọ́n ní, "Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwa yìí ni. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n pàdánù ìpàdé tí wọ́n pè sí ààfin." Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó sì kọ 1989. Inú wa dùn sí bàbá yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wá díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí bí wọ́n bá ti sùn ní ọdún tó kọjá, ta ni à bá mú wá? Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí láyé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dìgbà tí ọkọ yín bá ti sanwó físà kí ẹ tó bèèrè ọjọ́ tí wọ́n bí yín. Ẹ sì tètè ṣe é fún ìdí mìíràn: àwọn tí ń yẹ ìwé wò lókè òkun máa ń wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà. Ìwé ìbí tí a gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó bẹ̀bẹ̀ fún físà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ìbéèrè. Ti àwọn ọmọ kéékèèké kò le. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọ̀fẹ́ ni àjọ náà ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti orúkọ, nítorí ó kan àwa ìjọ ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a yí orúkọ padà nígbà tí a gba Olúwa. Fátókun di Olútókun, Ògúnwálé di Olúwálé, Ọ̀ṣúnsanyà di Jésùsanyà. A kò ní kí ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a yí ní orí pẹpẹ nìkan, tí a kò yí ní kọ́ọ̀tù, ènìyàn méjì ni ó ń bí lójú òfin. Wàyí o, ìwé mẹ́wàá ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ Fátókun, ti NIN jẹ́ Olútókun. Ohun tí ó yẹ ni kí a búra ní kọ́ọ̀tù, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀, kí a gé ojú ewé ìwé ìròyìn náà pamọ́, lẹ́yìn náà kí a tún ti NIN ṣe kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè fún páàsípọ́ọ̀tù. Ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn wọlé. NIN ni páàsípọ́ọ̀tù ń wò. Bí NIN bá wọ́, páàsípọ́ọ̀tù yóò wọ́ tẹ̀lé e.

Ohun kan tún wà tí ó dà bí àwàdà. Ẹ̀rọ tí ń tẹ páàsípọ́ọ̀tù kò mọ àmì orí àti àmì abẹ́ tí a ń fi sí Yorùbá. Ṣadé lè di Sade, ó sì lè di Shade. Adéṣínà lè di Adesina, ó sì lè di Adeshina. Tọkọtaya kan wà nínú àwọn ojúlùmọ̀ wa tí bàbá ń jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ ń jẹ́ ti kejì, nítorí pé olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ló kọ tiwọn. Àwa mọ̀ pé orúkọ kan ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan fún gbogbo ilé, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ti arábìnrin yìí kò le jù: orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ti ọkọ rẹ̀ ló wà lórí NIN. Ìwé ìgbéyàwó ló yẹ kí ó so méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó fún arábìnrin yìí nínú ìjọ kan, ní gbangba, pẹ̀lú aṣọ funfun, òrùka, àkàrà òyìnbó àti ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n fún wọn ní ìwé tí a fi yẹ̀rì wúrà tẹ̀ yíká, òjíṣẹ́ Ọlọ́run fọwọ́ sí i. Ìwé náà rẹwà ju èyíkéyìí tí ìjọba lè tẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òfin ìgbéyàwó ilẹ̀ wa ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ ti òfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìfilọ̀ fún akọ̀wé ìgbéyàwó ti àdúgbò rẹ̀. Wọn yóò lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, bóyá ẹnikẹ́ni ní àtakò. Bí kò bá sí, akọ̀wé yóò fún wọn ní ìwé ìyọ̀ǹda, ìwé yìí ni wọn yóò sì mú lọ fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láti ọjọ́ ìfilọ̀ tí ìgbéyàwó kò wáyé, ó ti di òtúbáńtẹ́, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ilé ìjọsìn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti so yìgì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, àárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí ó jẹ́, ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ tí ń so ó.

Lẹ́yìn èyí, ìwé ìgbéyàwó jẹ́ méjì. Tọkọtaya yóò mú ọ̀kan. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì gbọ́dọ̀ fi èkejì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbéyàwó láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ méje yìí ni ó ń bà wá lọ́kàn jẹ́. Àwọn ìjọ tí wọ́n ní ìwé àṣẹ pàápàá, a mọ̀ pé dúróà ọ́fíìsì ni ìwé kejì náà ń sùn sí nínú àwọn mìíràn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọn yóò wá wádìí ní ìjọba ìbílẹ̀ bóyá ìgbéyàwó yìí wáyé, akọ̀wé yóò ṣí ìwé ńlá, kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tí ó jẹ gbèsè náà kì í ṣe tọkọtaya. Pásítọ̀ ni.

Ìjọ tí ó so arábìnrin yìí pọ̀ kò ní ìwé àṣẹ nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó lọ fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀. Ṣé kò wá ní ọkọ ni? Ó ní ọkọ. Wọ́n ti tọrọ rẹ̀, wọ́n ti san ìdána, ẹbí méjèèjì jókòó, bàbá rẹ̀ sì fà á lé wọn lọ́wọ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni èyí, òfin Nàìjíríà mọ̀ ọ́n ní ìgbéyàwó, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè fi ẹ̀rí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ náà hàn, pẹ̀lú ìwé kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ìbúra ẹbí méjèèjì àti àwòrán ọjọ́ náà. Tàbí kí òun àti ọkọ rẹ̀, nígbà tí ọkọ bá wálé, lọ so yìgì lọ́dọ̀ akọ̀wé. Òfin gbà kí àwọn tí wọ́n ti fẹ́ra ní ìlànà ìbílẹ̀ tún fẹ́ ara wọn báyìí. Èyí kejì ni wọ́n ṣe. Ẹnìkan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá kọ sínú fọ́ọ̀mù pé ọdún yìí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Inú wa dùn pé kò gbà. Ọmọ ọdún méje wà nílẹ̀ o! Ó kọ ọjọ́ méjèèjì, ti ìdána àti ti kọ́ọ̀tù, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú lẹ́tà ojú ewé kan.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ó tún máa ń ko àwa Yorùbá sí wàhálà. Ní èdè wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi ni. Arákùnrin bàbá mi, bàbá mi ni. Ìyá tí ó tọ́ mi, ìyá mi ni, kò sí ẹni tí yóò bi mí bóyá òun ni ó bí mi. A ń gbé àṣà rere yìí lọ sórí fọ́ọ̀mù tí kò mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù ní, "Ọmọ mélòó ni o ní?" Ẹni tí ó bí méjì tí ó ń tọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ olóògbé kọ mẹ́ta. Kò parọ́ lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn náà, ẹ̀tàn ni wọn yóò pè é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó fi ẹ̀tàn béèrè físà, wọ́n lè dí ọ̀nà mọ́ ọn fún ọdún 10. Ìwé ayédèrú sì tó kí wọ́n fi kọ físà fún ènìyàn, kódà bí ẹni náà kò bá mọ̀ pé ayédèrú ni.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ọmọkùnrin kan tí ẹbí rẹ̀ jẹ́ ará Ghana padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ó ti lọ gbé ní Ghana. Wọ́n dá a dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò dá àwọn lójú, wọ́n sì ní bóyá ọmọ arábìnrin obìnrin tí ó pè ní ìyá rẹ̀ ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nígbà náà lè fi hàn pé ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyá yàtọ̀ sí àbúrò ìyá. Onímọ̀ kan ní yunifásítì Leicester, Alec Jeffreys, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà tuntun ní oṣù Kẹsàn-án 1984, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní DNA lónìí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ ọ́ wá. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ìyá, ti ọmọ náà, àti ti àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn. Bàbá kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ èsì hàn gbangba: ìyá rẹ̀ ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá sì ni òun àti àwọn yòókù. Ìjọba fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lo DNA fún ọ̀rọ̀ òfin ní gbogbo ayé nìyẹn, kì í ṣe lórí apànìyàn tàbí olè, lórí ọmọ ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bí ọmọ, kí ó má bẹ̀rù. Ẹni tí ó tọ́ ọmọ ẹlòmíràn, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ lọ́yà ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé òyìnbó ló fẹ́ràn ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n jáde. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kumasi, Tamale àti Accra láti ìran baba wọn kò ní ìwé kankan. Ta ni ó ronú rẹ̀? Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìnísà àti Ọ̀ffà ni wọ́n padà sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Àwa náà ṣe é. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Nàìjíríà, tí àpò onílà pupa àti búlúù fi di "Ghana Must Go" títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Abidjan tàbí Accra, ẹ rán wọn létí pé àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ ilẹ̀ wa láyè fún 90 ọjọ́ láìsí físà. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, ìwé ìgbélùú ló kù.

Nípa owó, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí a má dẹ́rù ba yín. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2025, páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà olójú ewé 32 fún ọdún márùn-ún ti di ₦100,000, olójú ewé 64 fún ọdún mẹ́wàá ti di ₦200,000. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2024, ẹni tí ó bá fẹ́ mú aya tàbí ọkọ rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ máa gba £29,000 lọ́dún ó kéré tán. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Owó ìwòsàn kan tún wà tí wọ́n ń gbà ṣáájú, yàtọ̀ sí owó físà. £200 lọ́dún ni ó jẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2015. Láti oṣù Kejì 2024 ó ti di £1,035 fún àgbà, £776 fún ọmọdé. Físà aya jẹ́ ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń ka ìyẹn sí ọdún mẹ́ta. Ti arábìnrin yìí àti àwọn ọmọ méjèèjì, ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀: £7,761, owó ìwòsàn nìkan. Ọkọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ alẹ́ fún un. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ìwé rẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó kú, àti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ Nàìjíríà, àfi bí ó bá ní oyè yunifásítì tí wọ́n gbà. Kí ẹ má ṣe àyẹ̀wò ikọ́ kí ìwé yòókù tó pé o, nítorí yóò kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta ìwé iṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n dá gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun láti òkèèrè dúró. Ẹni tí ó bá gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ọjọ́ yẹn fún iṣẹ́ yẹn, ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ti ìbò físà Amẹ́ríkà náà rí bẹ́ẹ̀: láti ètò ti 2015 ni wọ́n ti yọ àwọn tí a bí ní Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀, síbẹ̀ a tún rí àwọn tí wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn.

Ohun kan kù tí ó lè mú inú ìdílé kan dùn. Ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1983, ọmọ ilẹ̀ náà ni nípa ìbí, àyàfi ọmọ àwọn aṣojú ìjọba. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni òfin 1981 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó sọ pé ó di ìgbà tí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tí ó ní ìwé ìgbélùú títí. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ni ó kàwé ní London láàárín 1960 sí 1982, tí wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, tí wọ́n kó wọn wálé. Ẹ tú àpótí bàbá yín wò. Ìwé ìbí tí ó ti yí sí àwọ̀ ìyeyè yẹn lè wúlò ju ilẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí eku máa jẹ ẹ́.

Ìwé arábìnrin yìí ti wọlé báyìí, òun àti àwọn ọmọ ń retí èsì. Bàbá tí wọ́n búra fún un ní kí a bá àwọn sọ fún gbogbo ẹbí pé àwọn ṣì wà, ẹni tí ó bá tún fẹ́ búra kí ó yá. Ẹ̀yin tí ẹ óò lọ sí Jọ́bẹ̀lẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Sátidé. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ẹ mú ìwé gidi àti fọ́tókópì mẹ́ta mẹ́ta dání, pẹ̀lú fọ́tò pélébé, kí ẹ sì ka ohun tí akọ̀wé bá kọ kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì.